Àfọ́kù Ọkọ̀ Òfurufú Inú Igbó Orí Òkè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí a bá ní kí ẹ lọ wá ìtàn, inú ìwé ni ọkàn yín máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n inú ìwé nìkan kọ́ ni ìtàn ń gbé. Ìtàn ń gbé lẹ́nu àgbà, ó ń gbé ní ahoro ìlú tí ogun fọ́, ó sì ń gbé nínú igbó níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í sábà dé. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín wà nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí à ń pè ní Waternomee, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àfọ́kù ọkọ̀ òfurufú ogun kan wà níbẹ̀ láti ọdún 1942, àwọn ènìyàn a sì máa fi ẹsẹ̀ gun òkè náà lọ wò ó títí di òní. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni ó wà lára irin àfọ́kù tí ènìyàn fi ń làágùn gun òkè nítorí rẹ̀, èmi yóò dá yín lóhùn pé nítorí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gun òkè náà ni, ní òru, nínú òtútù, nígbà tí iná ṣì ń jó lórí rẹ̀.

Kí a tó sọ ti ọkọ̀ náà, ó yẹ kí a mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí. Waternomee jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ òkè tí àwọn ará ibẹ̀ sọ ní Òkè Funfun. Gíga rẹ̀ fi díẹ̀ dín ní 4,000 ẹsẹ̀ bàtà. Òkè Washington ni baba gbogbo wọn, ó ga tó 6,288 ẹsẹ̀ bàtà. Ojú ọjọ́ àwọn òkè wọ̀nyí kò ṣeé fi ojú tẹ́ńbẹ́lú. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1934, àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní téńté Òkè Washington wọn ìjì kan tí ó ń sáré ní 231 máìlì láàárín wákàtí kan. Ọkọ̀ ilẹ̀ tí ó bá sáré 60 máìlì ní wákàtí kan lójú títì wa, àwa a máa ní ó sáré. Nígbà òtútù, òjò dídì a máa bo ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì lè mu ènìyàn dé ìbàdí. Ní àárín oṣù kìn-ín-ní, oòrùn ti máa ń wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Igbó ni ó bo àwọn òkè náà. Àwọn igi kan wà níbẹ̀ tí ewé wọn rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tí kì í wọ́ dànù nígbà òtútù. Àwọn mìíràn wà tí èèpo wọn funfun, tí ó sì ń bó bí abala ìwé. Nítorí igi wọ̀nyí ni àwọn agégẹdú ṣe pọ̀ ní agbègbè náà. Ìlú kékeré méjì wà ní ìsàlẹ̀, Lincoln àti Woodstock. Igi gígé àti ilé iṣẹ́ tí ń fi igi ṣe pépà ni ó sọ Lincoln di ìlú. Àwọn agégẹdú gé igbó náà títí ó fi kù díẹ̀ kí ó pa run, kí ìjọba tó dìde. Ní ọdún 1911 ni wọ́n ṣe òfin tí ó fún ìjọba Amẹ́ríkà ní àṣẹ láti ra irú igbó bẹ́ẹ̀ fún ìtọ́jú, nígbà tí ó sì di ọdún 1918, wọ́n sọ igbó àwọn Òkè Funfun di igbó ìjọba. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn agégẹdú yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá wọn.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ti ogun. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1941, ọkọ̀ òfurufú àwọn ará Jàpáánì já bọ́ǹbù lu àwọn ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà ní Pearl Harbor. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ Jámánì pẹ̀lú kéde ogun lé Amẹ́ríkà lórí. Bí ọdún 1942 ti wọlé ni àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ti Jámánì ti dé etíkun Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ wọn burú. Wọn a lúgọ sábẹ́ omi ní ọ̀sán. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a yọrí, wọn a sì ta ọkọ̀ tí ó gbé epo tàbí oúnjẹ ní ọfà irin tí ń bú gbàmù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní, wọ́n rì ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Cyclops. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, wọ́n rì ọkọ̀ elépo kan tí ń jẹ́ Norness nítòsí erékùṣù Long Island, lẹ́bàá ìlú New York. Ọjọ́ 14 yìí gan-an ni ọjọ́ ìtàn wa.

Láti ṣọ́ òkun náà, àwọn ológun nílò ọkọ̀ òfurufú púpọ̀. Ọ̀kan nínú irú èyí tí wọ́n ní ni ọkọ̀ B-18, tí ilé iṣẹ́ Douglas ṣe. Ẹ́ńjìnnì méjì ni ó ní, apá rẹ̀ láti ìkangun kan dé èkejì sì tó nǹkan bí 90 ẹsẹ̀ bàtà. Ìtàn bí wọ́n ṣe rà á kò ṣàìní ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1935, ilé iṣẹ́ Boeing gbé ọkọ̀ mìíràn wá tí ó tóbi jù ú, tí ó sì lágbára jù ú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ Boeing yìí dánra wò gbàgbé láti tú ìdè tí wọ́n fi de ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ náà gbéra, ó já lulẹ̀, ó sì gbiná. Láti inú jàǹbá yẹn ni àṣà tí ó wà títí di òní ti bẹ̀rẹ̀, pé kí awakọ̀ òfurufú ka gbogbo ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe láti ojú ìwé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó gbéra. Owó ọkọ̀ Boeing náà sì pọ̀, nítorí náà ọkọ̀ Douglas tí kò wọ́n tó o ni àwọn ológun rà lọ́pọ̀. Nígbà tí ogun dé, ọkọ̀ B-18 kò yára tó láti dojú kọ ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá mọ́. Wọ́n wá fi í sí iṣẹ́ ìṣọ́ òkun, gẹ́gẹ́ bí a ti í fi àgbà ọdẹ ṣọ́ ẹnu bodè.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí gbéra láti pápá Westover, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, láti lọ wá ọkọ̀ abẹ́ omi lójú òkun. Ènìyàn méje ni ó wà nínú rẹ̀, Anthony Benvenuto sì ni awakọ̀. Wọ́n gbé bọ́ǹbù dání. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ojú ọjọ́ dàrú. Ẹ má ṣe gbàgbé pé ní ayé ìgbà náà, kọ́ńpáàsì, aago àti ìṣirò ni olórí ohun tí atọ́nà inú ọkọ̀ fi ń mọ ibi tí wọ́n wà. Bí ìkùukùu bá bo ilẹ̀, tí ìjì sì ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ìṣirò a yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún wọn. Àwọn baba wa a máa pòwe pé, igi gan-n-gan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n òkùnkùn kò jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí rí òkèèrè. Ìjì ti gbé wọn kọjá ibi tí wọ́n ń lọ ní ohun tí ó ju 100 máìlì lọ sí ìhà àríwá, títí wọ́n fi wọ àárín àwọn òkè.

Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1942, ọkọ̀ náà gé orí igi ní ẹ̀gbẹ́ Òkè Waternomee, ó la àárín wọn kọjá, ó sì fọ́ yángá sínú òjò dídì. Iná sọ. Láàárín àkókò díẹ̀, bọ́ǹbù tí ó wà nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bú. Ènìyàn méjì kú níbẹ̀: Raymond F. Lawrence àti Noah W. Phillips. Àwọn márùn-ún yòókù jáde láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n fara pa. Wọ́n wà nínú igbó, ní òru, lórí òkè tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, nínú òtútù tí ó lè pa ẹni tí ara rẹ̀ le, áńbọ̀sì ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀.

Àwọn ará Lincoln àti Woodstock gbọ́ ìbúgbàmù náà, wọ́n sì rí iná lórí òkè. Ẹ̀yin ọmọ mi, ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi. Ọjọ́ méjìdínlógójì péré ni ó kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti ja bọ́ǹbù lu Pearl Harbor. Ẹ̀rù ogun ń ba gbogbo ènìyàn. Láti ìsàlẹ̀ òkè, kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọkọ̀ ilẹ̀ tiwọn ni tàbí ti ọ̀tá. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé bọ́ǹbù ti bú tán tàbí ó kù. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ẹnì kan ṣì wà láàyè lókè, tàbí òkú ni wọ́n máa bá. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n jókòó ti iná ààrò, tí wọ́n ní kí àwọn ológun wá gbé òkú ara wọn nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ta ni ì bá dá wọn lẹ́bi? Àwáwí pọ̀ lọ́wọ́ wọn ní òru ọjọ́ náà, àwáwí náà sì dára létí.

Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ara wọn jọ. Àwọn agégẹdú wà nínú wọn, àwọn tí ó mọ igbó náà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, ẹsẹ̀ lásán kì í rìn nínú òjò dídì jíjìn. Àwọn ènìyàn a máa wọ bàtà fífẹ̀ tí a hun bí asẹ́, kí ẹsẹ̀ má baà rì. Pẹ̀lú bàtà náà pàápàá, ìrìn máìlì kan a máa tánni lókun. Wọ́n gba ojú ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọ́ gẹdú, wọ́n ń gun òkè lọ nínú òkùnkùn, iná orí òkè ni wọ́n sì ń wò lọ. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó fara pa. Wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láti orí òkè gíga náà, nínú òjò dídì kan náà. Ẹ̀yin pẹ̀lú mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn gun òkè, ọ̀tọ̀ ni kí ó gbé ẹlòmíràn sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo àwọn márùn-ún náà ni ó yè.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé, ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kan. Òwe náà bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wí, nítorí ibi tí a ti ń jẹ ni ẹsẹ̀ wa máa ń yá sí jù. Ṣùgbọ́n ní òru yẹn, ẹsẹ̀ gìrìgìrì ni a gbọ́ ní ibi tí kò sí jíjẹ, tí kò sí mímu, tí ó jẹ́ pé ewu nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó mú wọn yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá bá arìnrìn-àjò òde òní gun òkè náà. Ẹ̀bá ọ̀nà ọkọ̀ kan nítòsí Woodstock ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà tí ìjọba ń tún ṣe. Kò sí àmì ńlá níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ti kọjá nìkan ni ó fi ẹsẹ̀ là á. Yóò kọ́kọ́ tọ ojú ọ̀nà agégẹdú tí koríko ti ń bò, odò kékeré kan yóò sì máa dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ yóò dìde síwájú rẹ̀. Gbòǹgbò igi àti òkúta ni yóò máa tẹ̀ bí àtẹ̀gùn, èémí rẹ̀ yóò sì máa ké. Láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ó ń lọ tó nǹkan bí máìlì méjì ààbọ̀, ṣùgbọ́n máìlì orí òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ máìlì ojú títì. Nítorí náà ọlọ́gbọ́n kì í dá gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Yóò sọ ibi tí ó ń lọ fún ẹni tí ó wà nílé, yóò mú omi, oúnjẹ àti aṣọ òtútù dání, bí ojú ọ̀run bá sì ṣú, yóò padà sẹ́yìn láìtijú.

Nígbà tí ó bá yá, yóò rí irin kan láàárín igi, lẹ́yìn náà òmíràn. Yóò rí apá ọkọ̀ tí ó dùbúlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ. Yóò rí ẹ́ńjìnnì, yóò rí àwọn abala irin tí ó ká bí ewé tí iná rà. Igi ti hù láàárín wọn. Wàláà irin kan wà níbẹ̀ tí a kọ ìtàn náà sí, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀, àsíá Amẹ́ríkà sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá dé ibẹ̀. Ibi tí ènìyàn méjì kú sí ni, ibi tí ènìyàn márùn-ún sì ti tún rí ẹ̀mí gbà ni.

Ó ṣeni láàánú pé gbogbo ẹni tí ń lọ síbi àfọ́kù báyìí kọ́ ni ó ń dákẹ́. Àwọn kan a máa fẹ́ tú irin kan lọ sílé láti fi yangàn. Ìwà yìí kò dára. Yàtọ̀ sí pé a kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nínú igbó ìjọba, ẹni tí ó mú ìdákan lọ ti mú ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú ìtàn. Bí ẹni ọgọ́rùn-ún bá sì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn wọn yóò gun òkè tán, kò sì ní bá ohunkóhun tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kì í ṣe ohun tí kò ní olówó.

N kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láìsọ ohun kan nípa ara mi, bí kò tilẹ̀ bu iyì kún mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní ìletò kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan já sínú odò ní òru, kò jìnnà sí ilé tí mo ń gbé. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, mo sì gbọ́ igbe. Mo dìde jókòó lórí ibùsùn, mo ń rò ó. Mo ní bóyá ọgbọ́n àwọn olè ni. Mo ní àwọn ọlọ́pàá lè mú mi ṣe ẹlẹ́rìí. Mo ní ó dájú pé àwọn mìíràn yóò ti lọ. Ibi tí mo ti ń rò ó ni igbe náà ti dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ pé adẹ́mu kan, tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ni ó wọ inú omi náà tí ó sì fa ènìyàn méjì jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó kọjá níwájú ilé mi, ó sì kí mi gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń kí mi: “Ẹ káàárọ̀ o, tísà.” N kò lè wo ojú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni mi wà lára ògiri nínú iyàrá, ṣùgbọ́n ní òru yẹn, òun ni olùkọ́, èmi ni mo kùnà nínú ìdánwò.

Nítorí náà ni ìtàn Òkè Waternomee ṣe wọ̀ mí lọ́kàn. Mo mọ gbogbo àwáwí tí àwọn agégẹdú náà lè rí wí, nítorí mo ti lo ọ̀pọ̀ nínú wọn rí. Mo tún mọ̀ pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó jókòó àti ẹni tí ó dìde kì í ṣe ti ìmọ̀ tàbí ti agbára. Ẹni tí ó jókòó ń bèèrè pé, “Ọmọ ta ni ń ké?” Ẹni tí ó dìde ti gbọ́ pé ọmọ ènìyàn ń ké, ìyẹn sì tó o. Àwọn ará Lincoln àti Woodstock kò dúró mọ orúkọ àwọn ènìyàn méje náà kí wọ́n tó wọ bàtà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe gbogbo yín ni yóò dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe dandan kí ẹ dé ibẹ̀. Òkè tí a máa gùn nítorí ọmọnìkejì wa kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ ojú títì níbi tí ọkọ̀ dojú dé sí, ó lè jẹ́ ilé àjọgbé níbi tí àìsàn ti kọ lu akẹ́kọ̀ọ́ kan lóru, ó lè jẹ́ etí odò. Kò sí ẹni tí ó mọ alẹ́ tí ìpè náà yóò dé. Nígbà tí ó bá dé, àwáwí yóò wà lọ́wọ́ yín bí ó ti wà lọ́wọ́ mi, yóò sì dùn létí. Ẹ rántí àwọn agégẹdú. Ẹ ké pe ẹlòmíràn kí ẹ jọ lọ, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ mú iná dání, kí ẹ sì máa lọ.